Aago Tó Ń Wá Orúkọ Ọ̀gá

Ọ̀gá dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú káàdì aago kan lọ́wọ́, ó ní kí Ìbídùn má wulẹ̀ kí òun pẹ́, iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ń ràn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà, bẹ́ẹ̀ kò sí fèrèsé kankan níbẹ̀. Ìbídùn kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba káàdì, inú rẹ̀ sì dùn débi pé kò lè pa ẹnu dé. Ó mọ̀ pé Ọ̀gá ti kú. Ọ̀gá náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú àgbà?

Ẹ jẹ́ kí n tètè là á yé yín. Iṣẹ́ iná ni Ọ̀gá ṣe nígbà ayé rẹ̀ ní Òṣogbo, aago tó máa ń kígbe bí iná bá sọ nínú ilé ló sì mọ̀ jù. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ìbídùn ti kọ́ṣẹ́. Ó ku díẹ̀ kó ṣe fúrídọ̀ọ̀mù fún un, kó gbé ọwọ́ lé e lórí, kó gbàdúrà, kó sọ lójú gbogbo ẹgbẹ́ oníná pé ọmọ yìí ti mọṣẹ́, ó lè dá dúró. Àfi bí Ọ̀gá ṣe sun oorun ọ̀sán lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, tí èéfín wọlé tọ̀ ọ́ láti ilé kejì, tí kò sì jí mọ́. Láti ìgbà náà ni Ìbídùn ti ń ṣiṣẹ́ láìní fúrídọ̀ọ̀mù. Ó mọṣẹ́ o, ẹ má ṣì í mú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í pé ta ló gbàdúrà lé e lórí, ilẹ̀ ló máa ń wò.

Ọ̀gá na ọwọ́ sí àpótí irin kan lára ògiri. Ó ní, “Àgbà ni àpótí aago yẹn. Kó lu agogo nìkan ló mọ̀, kò lè sọ pé yàrá báyìí ni iná wà. Fi káàdì yìí sí i, kó lè máa pe yàrá lórúkọ. Èmi ń lọ sùn ní yàrá ìkẹyìn. Bí èéfín bá dé, tí aago rẹ sì jí mi, mo ṣe fúrídọ̀ọ̀mù rẹ lónìí. Bí kò bá jí mi, Ìbídùn, o ò tún ní fojú kàn mí mọ́.”

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà kò ní ọwọ́, kò ní ihò kọ́kọ́rọ́. Ìbídùn fẹ́ kàn án wò, ọwọ́ rẹ̀ rì sínú pákó bí ìgbà tí èèyàn bá ti ọwọ́ bọ omi, kò sì dún rárá. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ padà, ọwọ́ náà gbẹ. Ó ní kò burú, iṣẹ́ ni kóun kọjú sí.

Ara rẹ̀ ti wà lọ́nà, ara ń ta á. Ó yọ iná, ó yọ ẹsẹ̀ bátìrì, nítorí wọn kì í ti káàdì bọ àpótí tí iná ṣì wà lára rẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ kan irin kí iná tó wà lára òun fúnra òun lè lọ, bí Ọ̀gá ṣe kọ́ ọ. Iná ara rẹ̀ jáde lóòótọ́. Kò tóbi ju ọmọ èkúté lọ, àwọ̀ aró ló ní, ó sáré gba abẹ́ àga kọjá. “Ẹ kúuṣẹ́ o,” ló wí bó ti ń lọ. Ìbídùn ní, “Òo.”

Káàdì ń gbọ̀n ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Jẹ́jẹ́ o, mi ò wọ ilé ẹnikẹ́ni rí.” Ìbídùn rẹ́rìn-ín, ó ní kó fọkàn balẹ̀, ilé ọkọ rẹ̀ ló ń lọ. Ó to eyín káàdì mọ́ ojú ihò, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tì í títí ó fi dún kà! Ó dè é, ó wá mú wáyà. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú. Ẹni bá pààrọ̀ wọn, Ọ̀gá máa ń sọ, ilé oníbàárà ni yóò sùn. Ó fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, kò sí èyí tó mì.

Wáyà náà gba inú àjà lọ sí yàrá gbogbo, sọ́dọ̀ àwọn nǹkan róbótó tó ń gbọ́ òórùn èéfín, èyí tí àwọn oníná ń pè ní imú. Ní ilé yìí, imú gidi ni wọ́n, wọ́n ń mí wọlé, wọ́n ń mí jáde. Bí Ìbídùn ṣe ń so ọ̀kan ni yàrá rẹ̀ ń yí padà. Ìdáná di kíláàsì tó ti kọ́ á-bí-dí, ó tún padà di ìdáná. Ó dá bátìrì padà, ó dá iná padà. Gbogbo imú náà tan iná wínníwínní, aláwọ̀ ewé, láti ẹnu ọ̀nà dé ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ó tàn! Yéè, ó tàn!” Ìbídùn fò sókè, ó jó yí àga ká, òun nìkan.

Àpótí aago tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe. Ohùn rẹ̀ há díẹ̀ bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó ní, “Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ti wà nínú mi. Ó yá, ẹ sọ fún mi, kí ni kí n máa pe yàrá kọ̀ọ̀kan?” Ìbídùn sọ fún un, ìdáná, yàrá ẹrù, pálọ̀. Pálọ̀ ní òun ò gbà, Pálọ̀ Àgbà ni orúkọ òun, ó ṣe tán ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n ń gba àlejò sí. Wọ́n fún un. Ó wá ku yàrá ìkẹyìn.

“Ta ló wà níbẹ̀?” ni àpótí bi í.

“Ọ̀gá,” ni Ìbídùn dáhùn wéré. Kí ni ì bá tún sọ?

Èéfín sì dé. Ẹnu ọ̀nà ló gbà wọlé bí àlejò tó mọ ilé, ó funfun, kò kánjú, kò ya ibì kankan. Ó lọ tààrà sí yàrá ìkẹyìn, ó bẹ̀rẹ̀, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.

“Iná o!” ni àpótí ké. “Ọ̀gá! Ọ̀gá!”

Háà! Gbogbo ilé ló dáhùn. Ẹ̀rọ ìránṣọ jáde láti yàrá ẹrù, ìkòkò ńlá jáde láti ìdáná, jẹnẹrétọ̀ wá láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń nu ojú. Wọ́n tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, oníkálukú ní, “Èmi rèé, ta ló ń pè mí?” Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Ẹni bá ti kọ́ ẹlòmíì níṣẹ́, ọ̀gá ni, kò sì sí nǹkan tó pẹ́ nínú ilé tí kò tíì kọ́ ẹnì kan. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Ọ̀gá gidi ti fi ohùn oorun sọ̀rọ̀.

“Mú tẹ́sítà wá,” ló wí. Ó tún ń hanrun lọ.

Ìbídùn ká ọwọ́ lérí. Tẹ́sítà ni irin tí wọ́n fi ń dán iná wò, ohun tí Ọ̀gá sì máa ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn tí ọmọ iṣẹ́ bá ti pè é, kì í tilẹ̀ gbójú sókè. Àṣé “Ọ̀gá” kò lè jí i! Orúkọ rẹ̀ gan-an ńkọ́? Ìbídùn wá orúkọ náà nínú orí, kò rí i. Kò gbọ́ ọ rí. Ọmọ iṣẹ́ wo ni yóò dúró níwájú ọ̀gá rẹ̀, kó ní “kí lorúkọ yín”? Ohun tó wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Oníná ni.

“Pe Bàbá Oníná!” ni Ìbídùn wí. Àpótí pè é.

“Ẹ ní kó padà wá lọ́la,” ni Ọ̀gá dáhùn lójú oorun. Ó rò pé oníbàárà ni. Ìkòkò ńlá rẹ́rìn-ín títí ọmọrí rẹ̀ fi jábọ́. Èéfín ti ń gba etí ilẹ̀kùn yọ padà.

Ìbídùn sáré wọ pálọ̀. Ìyá Ràímì, ìyàwó Ọ̀gá, jókòó síbẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Ìdè irin kéékèèké, irú èyí tí wọ́n fi ń de káàdì, ni ẹ̀wà ọ̀hún, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú wọn. Ìbídùn kúnlẹ̀, ó ń mí hẹlẹ, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lorúkọ Ọ̀gá?”

“Orúkọ ta ni? Ìwọ ọmọ yìí!” Ìyá Ràímì gbé àtẹ sílẹ̀. “Ṣé èmi ni n ó máa pe ọkọ mi lórúkọ? Bàbá Ràímì ni mo mọ̀. Kí Ràímì tó dé, ‘ẹ gbọ́ ná’ ni mo máa ń pè é.”

Àpótí ti gbọ́, kò dúró kí wọ́n rán an. “Bàbá Ràímì! Bàbá Ràímì!”

“Gbé e síbẹ̀,” ni Ọ̀gá wí, “mò ń bọ̀ wá jẹ ẹ́.”

Ojú ti Ìyá Ràímì díẹ̀. Ó ní ìgbà tí oúnjẹ bá délẹ̀ lòun máa ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó wá fi ẹnu júwe ìdáná. “Lọ bi ìyá tó bí i. Ẹni tó sọ ọmọ lórúkọ ni kò ní kọ̀ láti pè é.”

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìyá Ọ̀gá ti kú, Ọ̀gá kéré nígbà náà. Nítorí náà ọ̀dọ́mọbìnrin ni Ìbídùn bá nídìí ààrò. Ìbídùn tilẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ìyá Ọ̀gá ni, ó kúnlẹ̀. Obìnrin náà pọn ọmọ kan sẹ́yìn. Ọmọ náà ń sùn, tẹ́sítà wà létí rẹ̀ bí Ọ̀gá ṣe máa ń fi há etí tirẹ̀.

“Bùsàrí ni,” ni ìyá náà wí. “Bùsàrí Àlàó. Èmi nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, nígbà tó bá ń rá lọ sídìí ààrò. Mi ò pè é rí kó má yíjú padà.”

Inú Ìbídùn dùn, àfi bíi kó fò. Ó gba àárín àwọn nǹkan inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó ń ké, “Mo ti mọ̀ ọ́n! Mo ti mọ̀ ọ́n!” Ó sọ orúkọ náà fún àpótí. Àpótí kọ̀ jálẹ̀.

“Èmi kọ́,” ló wí. “Òní yìí ni mo lẹ́nu, kí n wá fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe àgbà lórúkọ láìfi nǹkan kan ṣáájú? Wọ́n tọ́ mi o.”

Èéfín ti kún ìdajì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí ariwo ìhanrun mọ́, ikọ́ ni wọ́n ń gbọ́ láti inú yàrá. Ìbídùn ṣí àpótí, ó gbé ẹnu lé káàdì. Ẹ̀rù ń bà á, ojú ń tì í, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rín ń pa á. Káàdì sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Sọ ọ́, n ó gbé e dé ibẹ̀.”

“Bùsàrí!” ni Ìbídùn ké. “Bùsàrí Àlàó! Kúrò nídìí iná!”

Ohùn rẹ̀ jáde nínú gbogbo imú ilé náà lẹ́ẹ̀kan náà. Jẹnẹrétọ̀ di etí. Ìyá Ràímì ní, “Yéè, ọmọ yìí ti ya wèrè!”

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ẹní ti sàmì sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Èéfín yà fún un. Èéfín náà gba ibi tó gbà wọlé jáde, ó ní ó dìgbà o.

“Ta ló pè mí bí ìyá mi?” ni Ọ̀gá bèèrè.

Ìbídùn ti wà lórí ìkúnlẹ̀. “Èmi ni, Ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

“Kí n bínú?” Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà mi ògiri. Omi sì lé ròrò sí i lójú. “Ẹnì kan ì bá ti pè mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́sí!”

Ó yọ tẹ́sítà etí rẹ̀, ó fi há Ìbídùn létí. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí. Ó ní, “Iṣẹ́ tí mo kọ́ ọ kò ní jó ọ lọ́wọ́. Ibi tó o bá so aago mọ́, oorun tí wọ́n bá sùn níbẹ̀, oorun jíjí ni yóò máa jẹ́. Ìwọ náà yóò kọ́ ọmọ, wọn yóò mọ̀ ọ́n. Mo fún ọ ní fúrídọ̀ọ̀mù rẹ.”

“Àmín!” ni gbogbo imú òkè àjà wí. “Àmín!” ni ìkòkò ńlá wí, ẹ̀rọ ìránṣọ náà ṣe àmín tirẹ̀. Ìbídùn ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èyí tí yóò ṣe tán kó tó ṣe ìkejì. Nígbà tó gbé orí sókè, kò sí ọwọ́ lórí rẹ̀ mọ́. Ìyá Ọ̀gá ló rí, ó ń lọ ní ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà ti jí. Kò sí tẹ́sítà létí rẹ̀, ó yíjú padà, ó ń wo Ìbídùn.

Àpótí aago kò lè dákẹ́, ẹnu tuntun ń dùn mọ́ ọn. Ó tún ké, “Ọ̀gá! Ọ̀gá!”

Ẹ̀rọ ìránṣọ kò dáhùn. Ìkòkò kò dáhùn, jẹnẹrétọ̀ kò dáhùn. Gbogbo wọn yíjú sí Ìbídùn, wọ́n ń dúró dè é.

“Mú tẹ́sítà wá,” ni Ìbídùn wí, kò gbójú sókè, ohùn ara rẹ̀ ló sì jí i lójú oorun.