Àpótí Tí Kò Ní Gba Ẹnu Ọ̀nà Kọjá

Orí ilẹ̀ yàrá wa ni mo ti fi èédú yà á. Fanẹ́sì, ìyàwó mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi amọ̀ rẹ́ ilẹ̀ náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni, inú sì bí i.

"Bàbá Jailọ́sì, ṣé ìwé ti tán ní gbogbo ìlú Zomba ni, tó fi jẹ́ ilẹ̀ yàrá mi lẹ rí kọ nǹkan sí?"

"Ìwé kéré jù. Inú yàrá yìí ni màá ti kàn án, mo fẹ́ kí o rí bó ṣe máa tóbi tó."

Àpótí onídúrọ́ọ̀ mẹ́rin ni, mo ya iwájú rẹ̀, mo sì ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rin, gíga rẹ̀ ẹsẹ̀ mẹ́ta ààbọ̀. Jíjìn rẹ̀ gan-an ni kí ẹ bá mi wò: ẹsẹ̀ méjì àti ìka mẹ́rin. Ẹnu ọ̀nà yàrá wa ńkọ́? Èmi tí mo kọ́ ilé náà mọ̀ ọ́n: ẹsẹ̀ méjì géérégé.

Fanẹ́sì rìn yí ìlà náà ká. "Ó mà jìn jù o. Tí mo bá ń wá ìborùn nínú ẹ̀, ṣé kí n máa rá wọlé ni?" Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wò mí. "Háà! Kò ní lè jáde mọ́ láéláé."

"Èmi náà ò ní jáde."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ìgbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó nu ojú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló ń nù.

Sandifólò ló fà á. Òun ni ẹ̀gbọ́n ìyá Fanẹ́sì lọ́kùnrin, olórí ẹbí wọn. Malume, ìyẹn arákùnrin ìyá, ni gbogbo wa ń pè é. Lọ́dọ̀ wa níbí, ọkọ ló ń wá gbé ní abúlé ìyàwó. Ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́, ti Fanẹ́sì ni. Àwọn ọmọ, ti ẹbí rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ní kí n máa lọ, ayùn àti ìfági mi nìkan ni mo máa kó. Òbúkọ àyálò ni wọ́n ń pe irú wa, ọdún mọ́kànlá ni mo sì ti ń jẹ́ ẹ láìbínú, torí mo fẹ́ràn obìnrin mi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin mẹ́ta la bí, a ò bí obìnrin, bẹ́ẹ̀ obìnrin ni ẹbí wọn fi ń gbèrú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Malume kéde lójú gbogbo ayé pé tí a bá ti kórè àgbàdo tán, kí n máa lọ, òun á wá ọkọ mìíràn fún Fanẹ́sì. Bí ẹni fẹ́ pààrọ̀ táyà kẹ̀kẹ́! Ṣé èmi kì í ṣe èèyàn ni?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Malume dé. Elétí-ọfẹ kan ti ròyìn fún un. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ wọn ìlà èédú mi, ó fi wọn ẹnu ọ̀nà.

"Laitoni, ṣé o gọ̀ ni? Kò ní gba ibí kọjá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Malume."

"Tí a bá fi ẹ̀gbẹ́ gbé e ńkọ́?"

"Kò gbà."

"A ó yọ ìṣó rẹ̀ nígbà náà."

"Kò ní ìṣó kankan, Malume. Eyín ni mo máa gbẹ́ sí pákó, kí wọ́n bu ara wọn jẹ, kí n wá fi gọ́ọ̀mù dè é. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e jáde, àfi kó wó ògiri."

Ó wá yé e wàyí pé ara mi ni mò ń sọ. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ṣùgbọ́n àgbà ni, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Gé ìka márùn-ún kúrò. Ìka márùn-ún péré, kó lè gba ẹnu ọ̀nà. Màá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí sùn di ọdún tó ń bọ̀."

Mi ò ní purọ́ fún yín, mo rò ó. Ọdún kan kì í ṣe kékeré. Mo wo Fanẹ́sì. Ó dúró lórí ìlà náà bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n gbìn ín sí.

"Rárá o, Malume. Ẹni tó ní kí n gé ìka lónìí, á ní kí n gé ẹsẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ó dáa. Kó ayùn ẹ. Òní náà lo máa lọ!"

Ẹnì kan wúkọ́ lójú fèrèsé. Nasibẹ́kò ni, ìyá Fanẹ́sì. Ìyá ìyàwó kì í bá ọkọ ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójúkojú níbí. Tí a bá pàdé lọ́nà, èmi á yà sínú koríko, òun á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, orúkọ mi kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó wọlé. Ilẹ̀ tí a ń gbé, tirẹ̀ ni. Tó bá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn, ó parí nìyẹn.

Kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà èédú náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

"Laitoni."

"Mà?"

"Dúrọ́ọ̀ mẹ́rin ni mo kà. Èwo ni tèmi ńbẹ̀?"

"Nasibẹ́kò!" Malume pariwo. "Ṣé orí ẹ pé báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákẹ́ ná. Ọmọ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Mo kúnlẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìlà òkè rẹ́, mo ya dúrọ́ọ̀ karùn-ún. Ọwọ́ mi ò tíì kúrò níbẹ̀ tí mo tún fi ìka méjì kún jíjìn rẹ̀.