Èékánná Lórí Irin

Láti àárọ̀ ni ara ọmọbìnrin náà kò ti balẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló ti ń wá ẹ̀rọ àlòkù tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin, èyí tí òun àti bàbá rẹ̀ wá wò yìí sì ń dán gbinrin.

“Àbúrò, ṣé o fẹ́ rà á ni, àbí o fẹ́ fẹ́ ẹ?” ni ẹni tó ń tà á wí.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé ọ̀dà a máa purọ́, èékánná kì í purọ́. Ọmọbìnrin náà fi èékánná wọ́ ojú irin tí ọ̀bẹ ẹ̀rọ ń rìn lé lórí. Èékánná kọ́ sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tún wọ́ ọ. Ó tún kọ́. Irin ti jẹ wọnú. Ohun tí ẹ̀rọ náà bá gbẹ́ kò ní í gún.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

“Torí èékánná?” ni ẹni tó ń tà á bi í.

“Torí ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n.”

Títí wọ́n fi délé ló ń fi àtàǹpàkò ra èékánná náà, bí ẹni pé èékánná ló jẹ̀bi.