Ta Ló Gbé Ìkookò Mi Méje?

Irọ́ lo pa! Olè ni ẹ́, olè pọ́nńbélé! Ìwọ tí o fi àwòrán ẹṣin sí ibi tó yẹ kí ojú èèyàn wà lórí fóònù, ta ló ní kó o gbé ìtàn mi? Èmi Sagyn! Èmi tí mo wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Osh dé ibi tí ọ̀nà ti tán! Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà, mo sì kọ ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n ò lè kọ. Irinwó èèyàn ló tẹ ọkàn pupa sí i. Irinwó… ó kù díẹ̀.

Ọmọ mi Aizat ti kìlọ̀ fún mi. "Bàbá, ẹ má kọ orúkọ yín sí ìparí nìkan, wọ́n máa ń gé e dànù. Ẹ kọ ọ́ sáàárín. Kẹ́ ẹ sì fi irọ́ kékeré kan há inú ìtàn yẹn. Ẹni tó bá gbé e tòun ti irọ́ yẹn, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nìyẹn." Ọmọ gidi! Àmọ́ irọ́ kékeré… ọwọ́ mi ò mọ kékeré. Ìkookò méje ni mo fi há a. Yìnyín dí wa mọ́ orí òkè Too-Ashuu, àwa àti ẹrù ìyẹ̀fun, ìkookò méje yọ, mo fi sípánà lé wọn—méje!—wọ́n sá.

Burul, alága ẹgbẹ́ àwa awakọ̀ àtijọ́ lórí fóònù, ní kí n mú ẹ̀rí wá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi irọ́ yín hàn mí nínú tiẹ̀, lónìí náà ni màá lé e jáde." Kékeré nìyẹn! Ọjọ́ gbogbo ni tolè. Jẹ́ n kà á… ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nìkan ni mo kà tínú fi bí mi. Òkè Too-Ashuu, tèmi. Ìyẹ̀fun, tèmi. Ó ti yọ orúkọ mi, olórí burúkú. Ìkookò… ìkookò mi dà?

"Ajá darandaran kan ṣoṣo ló yọ sí wa, arúgbó ajá tí kò léyín. Awakọ̀ wa sáré gun orí àpò ìyẹ̀fun, ó ń ké pe ìyá ẹ̀."

Irọ́! Mi ò pe ìyá mi. Mo… ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

Dúró ná. Mi ò kọ ìyẹn síbì kankan. Ìyàwó mi pàápàá kú láìgbọ́ ọ. Àwa méjì péré la wà nínú ọkọ̀ ọjọ́ yẹn, èmi àti Omurkul tá a jọ ń wà á. Omurkul sì ti kú. Ó lọ gé igi ní Rọ́ṣíà, wọ́n ní igi wó pa á, a ò rí òkú ẹ̀. Mo jẹ ẹran ẹṣin níbi àdúrà òkú ẹ̀. Mo tiẹ̀ ní kí wọ́n bù sí i fún mi!

Ajá tí kò léyín…

"Sagyn, sọ̀ kalẹ̀ jọ̀ọ́, búrẹ́dì ló ń wá, kì í ṣe ìwọ!" Ohùn Omurkul, bó ṣe ké sí mi lọ́jọ́ yẹn. Ohùn ẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ìka mi ṣì wà lórí ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti fẹjọ́ sùn. Jẹ́ n rọra gbé e kúrò… rọra…

Omurkul. Àgbàyà! O wà láyé, o sì jókòó síbì kan tí ò ń tún irọ́ mi ṣe? Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń ṣàdúrà fún òkú tó ń rẹ́rìn-ín! Ó dáa, ìtàn àwa méjèèjì ni. Àmọ́ èmi ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́. Gbọ́, Balykchy ni mo wà báyìí, létí adágún. Máa bọ̀. Ra wàrà ẹṣin abọ́ ńlá kan fún mi, kó kan dáadáa, pẹ̀lú ẹja yíyan méjì, èyí tó sanra. Rà á kó o tó jókòó!