Ooru Inú Ògiri

Hameedah ló ń bójú tó iná ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ògbà. Wọ́n ní kámẹ́rà kan níbẹ̀ tó jẹ́ pé ooru ló ń fi hàn. Ohun tó bá tutù á yọ ní búlúù, ohun tó bá gbóná á pupa, èyí tó bá gbóná kọjá ààlà á funfun. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó gbé e lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Onígbòǹgbò, torí pé òrùlé wọn ń jò, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí omi ń gbà wọlé.

Kò pẹ́ tó fi rí i: búlúù kan nà láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kíṣìnì dé àárín àjà. Inú Wahab, àbúrò rẹ̀, dùn.

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká lọ fi han Bàbá."

Alhaji Kàsúmù, bàbá wọn, wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò lágbára mọ́, ẹ̀rọ ọ́síjìn tó ń lo iná ló ń bá a mí láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Hameedah gbé kámẹ́rà sókè, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró sójú kan. Lẹ́yìn orí bàbá rẹ̀, ìlà pupa kan ti ìdí éésì tó ń mú yàrá tutù sọ̀kalẹ̀ gba inú ògiri wá sí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì náà funfun.

"Wahab, ta ló so éésì yìí?"

"Ẹnì kan tí mo mọ̀ ni. Kí ló dé?"

"Wáyà ti ń yọ́ nínú ògiri. A gbọ́dọ̀ pa iná gbogbo ilé."

Bàbá lajú. "Kí ni kí n wá fi mí?" Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri. "Ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Oòrùn ni."

"Bàbá mi, oòrùn kì í ràn tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn."

"Ká pe ẹni tó ṣe é," ni Wahab wí.

Hameedah gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Ó mọ̀ pé níbi tí ọ́síjìn bá wà, iná kékeré kì í pẹ́ di ńlá. Nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ pé Bàbá kò gbọdọ̀ wà láìsí ẹ̀rọ náà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà Màmá Túnmiṣe, aládùúgbò wọn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn pálọ̀ yín. À ń gbé Bàbá bọ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ nílò iná yín."

Nígbà tó padà dé, èéfín tín-ín-rín ti ń yọ lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bàbá di etí bẹ́ẹ̀dì mú.

"Mi ò lọ síbì kankan."

"Tá a bá débẹ̀, kẹ́ ẹ wá bínú sí mi," ni Hameedah wí.

Ó fa súìtì ńlá tó ń pa iná gbogbo ilé wálẹ̀. Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Ó yọ rọ́bà ọ́síjìn kúrò nímú bàbá rẹ̀, òun àti Wahab gbé e sórí àga ike, wọ́n sì gbé e jáde. Màmá Túnmiṣe ti wọlé, òun ló ń ti ẹ̀rọ bọ̀ lẹ́yìn. Lórí pákó gọ́tà, ẹsẹ̀ Wahab yọ̀, àga náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Hameedah fi itan gbé e ró. Ètè bàbá rẹ̀ ti ń dúdú, èémí rẹ̀ ń já.

"Ó kù díẹ̀, Bàbá mi. Ó kù díẹ̀."

Ní pálọ̀, wọ́n ki ẹ̀rọ bọ iná. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Hameedah fi rọ́bà sí imú bàbá rẹ̀, ó sì ń wo àyà rẹ̀ títí tó fi ń lọ sókè sódò wọ́ọ́rọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni òun àti Wahab padà lọ fi òòlù fọ́ ògiri. Páìpù ike tí wáyà gbà kọjá ti yọ́ mọ́ ọn, ẹ̀yìn pákó bẹ́ẹ̀dì ti dúdú bí èédú. Wahab jókòó sílẹ̀.

"Ọkùnrin tó so éésì yẹn sọ pé wáyà náà tínrín jù. Èmi ni mo ní kó máa so ó lọ. Ooru ń pa Bàbá nígbà yẹn."

"Fẹnu ara rẹ sọ fún un," ni Hameedah wí.

Wọ́n padà sí pálọ̀, Wahab dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó sọ ọ́. Bàbá wò ó títí.

"Dìde," ló wí. "Lọ bu omi wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ."

Hameedah kúnlẹ̀ láti tún rọ́bà imú bàbá rẹ̀ ṣe. Bàbá nawọ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.