Ìsọ̀rí Pọ̀ Ju Àwòrán Lọ

Pà, pà, pà-pà. Pà, pà, pà-pà. Bí àwọn obìnrin ilé ṣe máa ń lu ilẹ̀ yàrá tuntun nìyẹn ní Ìlọfà, nígbà tí Ọláìtán wà lọ́mọdé. Wọn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, pátákó ìlulẹ̀ á wà lọ́wọ́ kálukú, ẹnì kan á dá orin, àwọn yòókù á máa fi pátákó gbè é, títí ilẹ̀ amọ̀ yóò fi le gbagidi, tí ọmọdé á lè dùbúlẹ̀ sí i kó máa gbóòórùn ewé tútù tí wọ́n fi pa á. Láti ìgbà tó ti kúrò nílé lọ sí Jọ́ọ̀sì, níbi tó ti fi iṣẹ́ yíya àwòrán ilẹ̀ jẹun lọ́dọ̀ ìjọba títí tó fi fẹ̀yìn tì, kò sí ohùn tó máa ń wá a wá lójú oorun bí ohùn yẹn.

Ohùn tó ń jí i báyìí, ti fóònù ni. Tín-ín. Tín-ín, tín-ín. Kí bàbá tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kó tó fẹsẹ̀ wá bàtà, kó tó dúpẹ́ pé òun jí, ìgbìmọ̀ àmì ẹ̀yẹ Ọjọ́ Ìlọfà, àjọ̀dún ìlú rẹ̀, á ti bá ìjà dé ìdajì lójú ewé wọn lórí Wásáàpù.

Kò sẹ́ni tó fi tipátipá mú un. Nígbà tí wọ́n ní lọ́dún yìí àwọn yóò fi àmì ẹ̀yẹ dá àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya àwòrán lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà lọ́lá, Sàhéèdì, akọ̀wé ìgbìmọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba n'Ílọrin, ló rántí pé Bàbá Jọ́ọ̀sì máa ń ya àwòrán ilẹ̀. "Ṣebí àwòrán náà ni gbogbo ẹ̀," ló wí. Bí wọ́n ṣe fi Ọláìtán ṣe alága nìyẹn. Inú rẹ̀ sì dùn. Ó ti pẹ́ tí ilé ti pè é fún ohun mìíràn yàtọ̀ sí òkú.

Iṣẹ́ náà kò le lójú rẹ̀. Àbáyọ̀mí, ọmọ ìlú tó wà ní Kánádà, ti fi láptọ́ọ̀pù kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá ya àwòrán tó dára jù. Kí wọ́n kó àwòrán jọ, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n mú ọ̀kan. Kí ló tún kù?

Ohun tó kù ni Ọlágòkè. Ọlágòkè ló ń gbẹnu sọ fún àwọn àdúgbò nílé, kì í sì í tẹ ọ̀rọ̀ lórí Wásáàpù. Ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́, ohùn gígùn bí ìwàásù, tí adìẹ á máa ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Alága, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹyọ kan ò ṣeé mú wọ ùlú yìí. Bí a bá pa ewúrẹ́ àjọ, àdúgbò wo la máa ń fò? Ẹ pín nǹkan yìí sí ìsọ̀rí, kí ti kálukú ó dé ọwọ́ kálukú."

"Ọlágòkè," ni Ọláìtán dá a lóhùn, "láptọ́ọ̀pù kì í ṣe ewúrẹ́. Bí a bá gé e, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́."

"Ta ló ní ká gé e? Ẹni tó bá peregedé á gba láptọ́ọ̀pù, àwọn tó kù á gba ife tá a kọ nǹkan sí lára. Ṣùgbọ́n àdúgbò kankan ò gbọdọ̀ gbọnwọ́ lásán lọ sílé. Ẹ ti pẹ́ nídàálẹ̀, ẹ ti gbàgbé bá a ṣe ń ṣe é."

Ọ̀rọ̀ "ẹ ti gbàgbé" yẹn ló dun Ọláìtán. Ó gbà. Láti ọjọ́ náà ni ìsọ̀rí ti ń hù bí olú.

Àdúgbò Òkè ní ẹnì kan ṣoṣo tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe nǹkan, pátákó ìsìnkú ló sì ń ṣe, irú èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹnu ọ̀nà bí òkú àgbà bá kú, tí fọ́tò olóògbé á wà láàárín ìkuukùu. Wọ́n bá dá ìsọ̀rí Pátákó Ìsìnkú Tó Fani Mọ́ra Jù Lọ sílẹ̀.

"Kó fa ta mọ́ra?" ni Ọláìtán bèèrè. "Òkú ni, àbí àwọn tó wá jẹun?"

"Ó ti wọlé, sà," ni Sàhéèdì fèsì, bó ṣe máa ń fèsì sí gbogbo ọ̀rọ̀, ìbéèrè tàbí àṣẹ, ọgbọ́n tàbí ìsọkúsọ.

Ìsàlẹ̀ ní ọmọkùnrin kan tó ń fi fóònù tún fọ́tò ara rẹ̀ ṣe títí yóò fi pupa bí òyìnbó. Wọ́n dá ìsọ̀rí Fọ́tò Títúnṣe sílẹ̀ fún un. Àdúgbò tí kò ní aláwòrán rárá gba Ìsọ̀rí Ẹni Tó Ń Gbìyànjú. Ṣògo, ọmọ ìlú tí wọ́n bí s'Ékòó, tó ń ṣe pósítà jẹun n'Íkẹjà, tí kì í wálé àfi bí wọ́n bá ń sin òkú, ní ó di dandan kí ìsọ̀rí 3D wà.

"Kí ló ń jẹ́ tíríì-dì?"

"Àwòrán tẹ́ ẹ lè yí po ni, Bàbá, bí ẹni pé kẹ́ ẹ nawọ́ mú un."

"Ta ló fi irú ẹ̀ ránṣẹ́?"

"Kò tíì sí, sà. Ṣùgbọ́n tí ìsọ̀rí ẹ̀ bá ti wà, wọ́n á yà á."

"Ṣògo, ìwọ ń ra ìjánu sílẹ̀ de ẹṣin tí wọn ò tíì bí."

"Háà! Bàbá Jọ́ọ̀sì tún ti dé!" Ọmọ náà sì kó ojú ẹ̀rín ránṣẹ́, rẹrẹẹrẹ.

Ìgbà tí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ fi pé, ìsọ̀rí ti di mọ́kànlá. Aláwòrán márùn-ún ló wà.

Ẹni karùn-ún ni Moróhunfọ́lá, tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan l'Ararọ̀mí-Ọ̀pin, ọmọ ìlú Ìsọ́lọ̀-Ọ̀pin tí wọ́n fẹ́ wá sí agbo ilé kan ní Ìlọfà. Àwòrán èèyàn mẹ́ta ló fi ránṣẹ́. Ọláìtán ṣí ti àkọ́kọ́, ó sì gbàgbé tíì tó wà níwájú rẹ̀. Bàbá arúgbó kan ló jókòó lórí àpótí kúkúrú, orúnkún méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀ nítorí gígùn ẹsẹ̀. Ó ń ya iṣu jẹ, ó sì ń wo iṣu náà bí ẹni tó fura sí i. Ọmọbìnrin yìí kò ya arúgbó kankan tó rẹwà. Arúgbó yìí gan-an ló yà. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí: *Bàbá Agùntáṣọọ́lò*. Ìkejì, ìyá kan tó ya ẹnu ẹ̀rín, tí eyín kan ṣoṣo yọ níbẹ̀, tí etí rẹ̀ kan já díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́: *Ìyá Eyínfúnjowó*. Ìkẹta, ọ̀dọ́kùnrin kan tó gun ọ̀kadà tó ń tẹ fóònù: *Akọ̀wé*.

"Adédayọ̀!" Ọláìtán pariwo nínú yàrá òun nìkan. Adédayọ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà, tó ga débi pé ẹ̀yìn pátápátá ni tíṣà máa ń fi í sí! Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò nílò ìsọ̀rí kankan mọ́.

Fóònù bá dún. Tín-ín. Ṣògo ni.

"Ẹ̀yin àgbà, a ti rí olè. Oníjìbìtì ni Moróhunfọ́lá. Òfin tí a ṣe ni pé ẹni tó bá ya èèyàn gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àbísọ ẹni náà. Mo ní kó kọ ọ́, ó ní 'bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń pè wọ́n, sà.' Mo wá wọn lórí Fesibúùkù, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ò sí láyé. Ẹ̀rọ ló yà á fún un, èyí téèyàn á kàn sọ̀rọ̀ sí, tí á fúnra ẹ̀ ya ojú ẹni tí kò sí."

"Ó ti wọlé," ni Sàhéèdì wí. "Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, a ó kéde rẹ̀ lójú ewé gbogbo ìlú pé a yọ ọ́ nítorí èrú, kó lè jẹ́ ẹ̀kọ́."

Ọláìtán wo gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn òbí ọmọ tí obìnrin yẹn ń kọ́ wà lójú ewé náà. Ọ̀gá iléèwé rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà obìnrin náà.

"Mo kúnlẹ̀ o, bàbá ọkọ mi," ni ohùn kan wí, ariwo ọmọ iléèwé lẹ́yìn rẹ̀.

"Dìde, ìyàwó. Kí lo fi ya àwòrán wọ̀nyí?"

"Ìka mi ni, sà. Lórí fóònù. Ojú ẹ̀ ti sán, ibi tó sán yẹn kì í gbọ́ tìka, ibẹ̀ ni etí Ìyá Eyínfúnjowó ti já."

"Kí ló dé tó ò kọ orúkọ tí wọ́n ní kó o kọ?"

"Bàbá, ṣé kí n máa pe àbúrò bàbá ọkọ mi lórúkọ gbangba bí ìgbà tí mò ń ka orúkọ ọmọ kíláàsì mi? Àwọn ìyàwó àgbà ló sọ wọ́n lórúkọ wọ̀nyẹn, ẹnu wọn ni mo ti bá a. Akọ̀wé tó ń gun ọ̀kadà pàápàá, tó jẹ́ ọmọdé sí mi, ó ti wà nílé kí n tó dé."

"Ṣé o ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn ni?"

"Mo rò pé wọ́n mọ̀ ni, sà. Àwọn lọmọ ìlú. Èmi ni mo wá bá wọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá Ọláìtán láyà bí òkò.

"Bí wọ́n bá ní mi ò yege, kò burú," ni obìnrin náà tún wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n wọ́n ní mo ṣèrú. Láti àná tí wọ́n ti ń bi mí ni ọ̀rọ̀ náà ti dé iléèwé wa. Láàárọ̀, tíṣà kan bi mí níwájú àwọn ọmọ pé ṣé ẹ̀rọ náà ló ń bá mi kọ nóòtì. Ẹ ṣáà gbà mí, Bàbá. Kí wọ́n mú láptọ́ọ̀pù wọn."

Ọláìtán kò tilẹ̀ sinmi kó tó pe Ọlágòkè.

"O rí àwòrán ìyàwó yẹn?"

"Mo rí i. Adédayọ̀ yọ níbẹ̀ kedere, àfi bíi kéèyàn kí i pé ẹ kú ìjókòó."

"Ìgbà wo lo rí i?"

"Àná."

"O sì gbọ́ tí Ṣògo ń pariwo pé àwọn èèyàn inú ẹ̀ ò sí láyé. O ò sọ̀rọ̀?"

"Ẹ ò bi mí."

Ọláìtán mú fóònù kúrò létí, ó wò ó bí ẹni tí ewúrẹ́ ń jẹ ìwé rẹ̀ lójú ara rẹ̀, ó tún gbé e padà. "Ọlágòkè! Mò ń bi ọ́ báyìí!"

"Alága, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ọma Ìsọ́lọ̀ ni. Bó bá gba láptọ́ọ̀pù, kí lẹ fẹ́ kí n wí fún àwọn àdúgbò? Pé àlejò ló wá kó o?"

"Àlejò tó bí ọmọ mẹ́ta fún wa?"

"Àwọn ọmọ ni tiwa."

Ọláìtán bọ́ awò rẹ̀ sórí tábìlì.

"Mi ò ní ká fi ọwọ́ òfo lé e o," ni Ọlágòkè ń bá a lọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tu ọmọ nínú. "Mo ti ro ó. Ẹ jẹ́ ká dá ìsọ̀rí kan sí i. Ìsọ̀rí Ìyàwó Ilé. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá a dù ú. Ká fún un ní báfù onírọ́bà ńlá. Obìnrin nílò báfù. Ti ẹ̀sùn tí ọmọ Èkó yẹn fi kàn án, á rọlẹ̀ fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá gbé láptọ́ọ̀pù fún un, ẹ má retí àdúgbò Òkè lọ́jọ́ náà, ẹ má sì retí Ìsàlẹ̀."

Ó di ìsọ̀rí kejìlá. Ọláìtán kò dágbére, ó pa fóònù.

Ó jókòó. Ó kọ́kọ́ kọ èsì gígùn kan nípa iṣẹ́ tó ṣe sẹ́yìn, àwọn òkè tó gùn, àwọn ilẹ̀ tó wọ̀n. Ó kà á, ó rí i pé kò sẹ́ni tó bèèrè, ó pa á rẹ́. Ó kọ òmíràn tó fi bú Ṣògo dáadáa, ìran dé ìran. Ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ, ìka rẹ̀ dúró. Ta ló mú ọmọ yẹn jókòó ti ìyàwó ilé kan rí, kó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ará ilé ọkọ wọn? Òkú ni wọ́n ń torí ẹ̀ mú un wálé, bí ọ̀fọ̀ bá parí, ọkọ̀ Èkó ló kù. Ó pa ìyẹn náà rẹ́. Àmọ́ Ọlágòkè mọ̀. Ọlágòkè mọ̀, ó dákẹ́. Ó tún ṣí àwòrán Adédayọ̀, ó wò ó pẹ́. Bí èyí bá di èrú lójú ewé ìlú lọ́jọ́ Àìkú, orúkọ òun alága ni yóò wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Tín-ín. Sàhéèdì ni: "Alága, Bọ̀dá Ọlágòkè ní ìsọ̀rí tuntun ti wà. Ó ti wọlé, sà. Ẹ̀yin nìkan la ń dúró dè."

Bàbá wọ awò rẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe ojú ewé ìgbìmọ̀ ló ṣí. Ti gbogbo ìlú ló ṣí. Ìka kan ló fi tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́:

*Ẹ̀yin ọmọ Ìlọfà, mo kí yín o. Èmi Ọláìtán, alága àmì ẹ̀yẹ, ni. Mo ti pa gbogbo ìsọ̀rí rẹ́. Àwòrán tó dára jù la ní ká wá, a sì ti rí i. Moróhunfọ́lá ló yà á, òun ló ni láptọ́ọ̀pù. Ẹ ó gbọ́ pé ó ṣèrú. Irọ́ ni, ìgbìmọ̀ tí mò ń ṣe alága fún ló pa á. Ìyàwó ilé ni, kò lè pe àwọn ará ilé ọkọ ẹ̀ lórúkọ. Ẹni tí kò bá mọ̀, kó bi ìyá ẹ̀. Agùntáṣọọ́lò ni Adédayọ̀ ẹ̀yìn ọjà. Eyínfúnjowó ni àbúrò ẹ̀ obìnrin. Wọ́n wà láyé, wọ́n sì ti jẹun lónìí. Ṣògo, bó o bá délé, lọ dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Ẹ̀bẹ̀ Moróhunfọ́lá, ibí ni kó o ti bẹ̀ ẹ́, lójú gbogbo wa. Àdúgbò tó bá lóun ò ní wá, ká kí i pé ó dàárọ̀. Ọlágòkè, fi báfù rẹ wẹ̀. Ẹni tí èyí ò bá tẹ́ lọ́rùn, kó wá gba alága, kò wúwo.*