Ọjọ́ Tí Káfíńtà Gbé Píkọ́ọ̀pù Rẹ̀ Sókè

Láàárọ̀ Sátidé, kí Káfíńtà tó fọwọ́ kan sípánà, ó kọ́kọ́ fi igi wọn ààyè tó wà láàárín òrùlé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ àti àtẹ́rígbà gáréèjì. Kì í fi téèpù wọn nǹkan tó bá ti jẹ́ tara rẹ̀. Igi tín-ín-rín kan ló máa ń gé, tí á fi ọ̀bẹ sàmì sí. Ààyè náà jẹ́ ìka mẹ́rin. Irin tó fẹ́ fi gbé ọkọ̀ náà sókè sì nípọn tó ìka mẹ́ta. Inú rẹ̀ dùn. Ìka kan á ṣẹ́ kù, ẹni tó bá mọ ọkọ̀ wà kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá ń já pákó tó kún ẹ̀yìn ọkọ̀ náà kalẹ̀, nítorí ẹni tórí rẹ̀ pé kì í fi jáàkì gbé ọkọ̀ tẹ́rù ṣì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ píkọ́ọ̀pù yìí ti di ọ̀rọ̀ ilé. Ó ti lo ọdún mẹ́rìnlélógún, ilẹ̀kùn rẹ̀ kan pupa, èkejì búlúù. Agbẹ̀bí ni ìyàwó Káfíńtà, ilé ìwòsàn kékeré orí òkè ló ti ń ṣiṣẹ́. Àpáta kan wá yọ ẹ̀yìn gọ̀ǹgọ̀ láàárín ọ̀nà òkè náà. Ìgbàkígbà tí ọkọ̀ yìí bá fẹ́ gbà á kọjá ni àpáta á ha á nínú, ó sì ti já sálẹ́ńsà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ni Káfíńtà bá ń já ìyàwó rẹ̀ sí ìdí òkè, kí ó máa fẹsẹ̀ gùn ún lọ pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́ àti orúnkún tó ń ro ó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin náà sọ tẹnu rẹ̀.

“Bàbá wọn, tọ́kọ̀ yìí ò bá gbé mi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn láàárọ̀ Mọ́ńdè kí aago mẹ́jọ tó lù, kí oníirin àlòkù máa wá gbé e lọ. Mo ti bá a sọ̀rọ̀.”

“Ọkọ̀ tó gbé ẹ wálé ọkọ?”

“Ó ti gbé mi dé. Iṣẹ́ ẹ̀ ti parí.”

Ìdí rèé tí Káfíńtà fi ra àpótí irin yẹn. Búlọ́ọ̀kù irin méjì wà nínú rẹ̀ fún ẹ̀yìn, òrùka irin ńlá méjì fún iwájú, àti bóòtù ẹlẹ́sẹ̀ méjì mẹ́rin. Bébà kan bá a wá, àwòrán nìkan ló wà lórí rẹ̀. Ó tẹ́ bébà náà sórí tábìlì iṣẹ́, ó sì wò ó títí tí tíì rẹ̀ fi tutù.

Ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀ ló dojú kọ gáréèjì náà. Ẹnu ọkùnrin yìí mú ju abẹ rẹ̀ lọ.

“Káfíńtà! Ṣé àga lò ń kàn fún ọkọ̀ ni?”

“Bàtà gogoro ni mo ń wọ̀ fún un.”

“O ò kúkú fi pákó ṣe é? Ìwọ lo ṣáà ni pákó.”

“Pákó á là níbẹ̀, ọkọ̀ á sì bá ẹ nínú ṣọ́ọ̀bù. Gérun lọ, jàre.”

Káfíńtà tú nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, torí táyà tó bá ti kúrò nílẹ̀ á kàn máa yí lọ́wọ́ èèyàn ni. Ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ki ẹsẹ̀ irin bọ abẹ́ férémù, ó sì mì í dáadáa kó tó wọ abẹ́ rẹ̀. Ọ̀pá irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, abẹ́ sípíríìnì pẹlẹbẹ ni wọ́n dè é mọ́. Ó tú bóòtù àtijọ́, ó rọra sọ ọ̀pá náà kalẹ̀ pẹ̀lú jáàkì, ààyè sì là sílẹ̀ láàárín ọ̀pá àti sípíríìnì. Búlọ́ọ̀kù irin wọ ibẹ̀ wẹ́kú. Káfíńtà fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ọmọ lórí. Àṣé bó ṣe rí nìyí! Táyà ò kúrò níbi tó wà, ara ọkọ̀ nìkan ló gòkè.

Ó rí i pé rọ́bà bíréèkì ti fà le tan-tan, bébà ò sì sọ nǹkan kan nípa ìyẹn. Ó rọ pátákó irin kékeré kan, ó fi gbé ìdí rọ́bà náà wá sísàlẹ̀. Iwájú gbà á ní odidi ọjọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn tí oníbàárà ti wá kó pákó rẹ̀ lọ. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, píkọ́ọ̀pù dúró sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ga fíofío.

Aago méje àárọ̀ Mọ́ńdè kọjá díẹ̀, ìyàwó rẹ̀ jáde nínú aṣọ funfun, báàgì lọ́wọ́. Káfíńtà jókòó sínú ọkọ̀ bí ọba, ó tẹ iná sí i.

Gbàà!

Òrùlé ọkọ̀ ti kọ lu àtẹ́rígbà.

Káfíńtà sọ̀kalẹ̀. Ó mú igi rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Òrùlé fi ìka kan ga ju àtẹ́rígbà lọ. Ó jókòó sórí àpótí ìṣó, ó sì gbá orí ara rẹ̀.

“Pákó!” ó ní. “Pákó wà nínú ẹ̀ nígbà tí mo wọ̀n ọ́n! Ìgbà tí mo já a kalẹ̀, sípíríìnì náà gbé ìka méjì tiẹ̀ wá.”

“Ọdún mẹ́rìnlélógún lo ti ń kó pákó sínú ọkọ̀,” ìyàwó rẹ̀ ní. “O ò mọ bó ṣe ń rí tó bá ṣófo. Aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú.”

Onígbàjámọ̀ ti sáré dé, oníbàárà rẹ̀ tẹ̀lé e tòun ti aṣọ lọ́rùn, ààbọ̀ orí rẹ̀ ló ṣì nírun.

“Fi ayùn rẹ́ àtẹ́rígbà,” ni Onígbàjámọ̀ wí.

“Òun ló gbé òrùlé. Tí mo bá rẹ́ ẹ, orí tèmi tìẹ la ó jọ fi gbé e.” Káfíńtà dìde. “Ọkọ̀ yìí ò tiẹ̀ ga jù. Ó kàn ṣófo jù ni.”

Ibẹ̀ ni Oníbúrẹ́dì, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, gbà kọjá, ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Àga Káfíńtà méjì ló ti wó lábẹ́ ọkùnrin yìí.

“Bọ̀dá, ẹ dákun, ẹ bá mi gun ẹ̀yìn ọkọ̀.”

“Níbo là ń lọ, àna mi?”

“Ibì kankan kọ́, sà. Ẹ ṣáà ti máa wúwo.”

Oníbúrẹ́dì wo àbúrò rẹ̀. “Ọdún mẹ́wàá tóo ti ń ní kí n rù nìyẹn o!”

“Ẹ gùn ún, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dúpẹ́ pé ẹ ò gbọ́ràn.”

Ó gùn ún, ọkọ̀ mí kanlẹ̀. Igi fi hàn pé ó kù díẹ̀. Onígbàjámọ̀ náà gùn ún, ó ṣì ku bíńtín.

“Ẹ̀yin náà, sà,” Káfíńtà sọ fún oníbàárà.

“Irun mi ńkọ́?”

“Ẹni tó fẹ́ gé e ló wà lókè yẹn.”

Ọkùnrin náà ká aṣọ ọrùn rẹ̀ sókè, ó gùn ún. Agbẹ̀bí wá dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ohùn rẹ̀ sì yí padà sí èyí tó fi ń ṣiṣẹ́.

“Bàbá wọn, má kánjú. Má tì í, jẹ́ kó máa bọ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ ṣe mẹ́dọ̀. Díẹ̀ sí i… dúró! Mí sínú. Mí síta. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀… orí ti jáde!”

Píkọ́ọ̀pù yọ́ bọ́ síta, kò ju pé ó mú ọ̀dà díẹ̀ lára àtẹ́rígbà lọ. Obìnrin náà wo aago ọwọ́ rẹ̀ bó ti mọ́ ọn lára. “Méje kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì.”

“Akọ ni àbí abo?” Onígbàjámọ̀ ké láti ẹ̀yìn.

Kò sẹ́ni tó gbà láti sọ̀kalẹ̀, gbogbo wọn ló fẹ́ rí òkè. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé iwájú àpáta, Káfíńtà dúró, ó ní kí àwọn mẹ́ta náà bọ́ sílẹ̀. Oníbúrẹ́dì ló bọ́ kẹ́yìn, ọkọ̀ sì gbéra sókè bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Káfíńtà ki jíà kìíní, ó ń lọ ní ìwọ̀n ìrìn ẹsẹ̀. Etí rẹ̀ ń retí gbírírí tó ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Táyà iwájú kọjá. Kò gbọ́ nǹkan kan. Táyà ẹ̀yìn kọjá, Oníbúrẹ́dì tó dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti yọjú wò ó sì pariwo pé, “Kò kàn án! Kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn!”

Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Dókítà jáde wá, ó wo ọkọ̀, ó wo àpáta lọ́hùn-ún.

“Káfíńtà, èèyàn mẹ́rin ló ń yí àgbá irin atẹ́gùn ọ́síjìn gun òkè yìí ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ṣé ẹ lè máa bá wa gbé e? Ẹ̀yin la ó máa gbéṣẹ́ náà fún.”

“Kí wọ́n ṣáà máa kó òfìfo wọn sẹ́yìn ọkọ̀ kí n tó padà sí gáréèjì, sà,” ni Káfíńtà wí. “Mo nílò ohun tó wúwo kí n tó lè wọlé.”

Ìyàwó rẹ̀ ti ń fi fóònù sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. “Oníirin, ẹ má wulẹ̀ wá mọ́. Rárá o, ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀ mí. Ọkọ̀ náà ti ríṣẹ́ sí ilé ìwòsàn.” Ó pa fóònù, ó ṣí ilẹ̀kùn búlúù, ó sọ ẹsẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ ò kan ilẹ̀. Ó fi báàgì gbá òrùlé ọkọ̀.

“Bàbá wọn! Ó ti gbé mi dé. Wá gbé mi sọ̀.”