Káàdì Ló Wà Lẹ́nu Iṣẹ́

"Ta ló wà lọ́dọ̀ bàbá mi nígbà tí wọ́n ṣubú?"

Ẹ̀ẹ̀kejì tí Rosalba bèèrè nìyí láti ìgbà tó ti ti ọsibítù dé sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó náà. Ọ̀gá ibẹ̀ na ìka sí ìwé tí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ àkókò iṣẹ́ tẹ̀ jáde.

"Ẹ wò ó, màdáámú. Ersilia wọlé ní aago méje, kò sì tíì jáde. Òun ló ń mójú tó àjà òkè."

Ersilia gbà á lẹ́nu rẹ̀ wéré. "Mo ní kí wọ́n má dìde láìpè mí! Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Orí wọn le ju awọ bàtà tí wọ́n ń rán láyé ọjọ́sí lọ."

Ewé ólífì tín-ín-rín kan ṣì há sínú irun rẹ̀. Nunziata, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, rí i, ó sì wo ilẹ̀.

Láti ìgbà tí ìkórè ólífì ti bẹ̀rẹ̀, Ersilia ń lọ sí oko ọkọ rẹ̀ láràárọ̀. Nunziata ló ń bá a fi káàdì rẹ̀ kan ẹ̀rọ. Kò kà á sí irọ́. Ersilia náà ti ṣe é fún un rí, nígbà tí Mirella, ọmọ Nunziata, ń ṣàìsàn. Ersilia yìí kan náà sì ni ìyá ìsàmì Mirella. Ní ìlú wọn, ẹni tó bá tú àṣírí ìyá ìsàmì ọmọ rẹ̀ ti ta ẹbí lọ́pọ̀. Àwíjàre náà gún régé. Ohun kan ṣoṣo tí kò sí nínú rẹ̀ ni agogo.

Agogo ìpè yàrá bàbá náà dún lẹ́ẹ̀mẹrin láàárọ̀ yẹn. Nunziata gbọ́ ọ nísàlẹ̀, níbi tó ti ń fi ṣíbí bọ́ arúgbó mẹ́sàn-án. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé kí bàbá ṣe sùúrù díẹ̀. Ìgbà tó máa fi gòkè, bàbá ti wà nílẹ̀, egungun itan ti kán, ìtọ̀ ti tutù lára wọn. Wọ́n ń tọrọ àforíjì pé àwọn ba ilẹ̀ jẹ́. Kó tó pe ọkọ̀ ọsibítù, Ersilia ni Nunziata kọ́kọ́ pè lórí fóònù.

Rosalba nu ojú rẹ̀, ó di ọwọ́ Ersilia méjèèjì mú. "Ẹ bá mi forí jì wọ́n, nọ́ọ̀sì. Wọ́n ti fi wàhálà pa yín."

"Kò tọ́pẹ́, jàre." Ersilia yíjú sẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Mirella, àbí mi ò gbìyànjú?"

Ojú Nunziata gbóná bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ bàbá yín," ló wí fún Rosalba. "Oko ólífì ni Ersilia wà. Èmi ni mo fi káàdì rẹ̀ kan ẹ̀rọ. Èmi náà ni mo gbọ́ agogo, tí mi ò lọ."